Eyín Méje, Agogo Mẹ́rin

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú òsì Adébánjí kò ṣí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú bò ó mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó le, ó sì gbóná. Ó fi ahọ́n wá eyín rẹ̀ kiri, ihò ló ń bá: mẹ́rin lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ lẹ̀ mọ́ ìrọ̀rí.

Àná ni wọ́n yọ wọ́n, ní ilé ìwòsàn eyín kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Méjì ló ń dùn ún nígbà tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n dókítà wo ẹnu rẹ̀ títí, ó ní méje ló ti ń mì, pé kí àwọn kó wọn kúrò lẹ́ẹ̀kan náà kí baba lè sinmi. Wọ́n kó wọn. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì ka òfin fún un: kó má tutọ́, kó má fa ohunkóhun mu, kó má jẹ ohun gbígbóná, kó má sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kẹta. Èyí tó kẹ́yìn ló rọrùn jù. Adébánjí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àpèkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wọlé pẹ̀lú omi oníyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú kọ́ọ̀pù. Ó kúnlẹ̀ kí i bó ti máa ń ṣe láràárọ̀ láti ọdún mọ́kànlélógójì, orúnkún rẹ̀ dún. Ó béèrè bóyá ó rí oorun sùn. Adébánjí mirí pé rárá. Obìnrin náà wo ojú ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbójú sí ọ̀nà fèrèsé.

"Kò burú púpọ̀," ló wí.

Adébánjí mọ̀ pé ó burú.

Iná ti lọ láti àná. Fáànù òkè dúró jẹ́ẹ́. Nínú fúláàtì tó wà lórí tiwọn, jẹnẹrétọ̀ Ìyá Ìrètí ti bẹ̀rẹ̀ ariwo tirẹ̀, nítorí omi dídì ni obìnrin náà ń tà.

Wọ́n ṣì wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí Kíkẹ́lọmọ, ọmọbìnrin wọn, wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní kó máa lọ sílé ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì padà sí yàrá tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Fóònù baba rẹ̀ ló mú lọ́wọ́. Ó béèrè ẹni tó ka ìwé tó wọlé sórí rẹ̀ lánàá.

Kò sẹ́ni tó kà á. Nígbà tó wọlé, Adébánjí wà lórí àga dókítà, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Fóònù wà nínú báàgì Àpèkẹ́. Àpèkẹ́ wà níta, ó ń gbàdúrà.

Kíkẹ́lọmọ kà á fún wọn. Àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì ló kọ ọ́. Wọ́n ti ní kí gbogbo ẹni tó ń gba pẹ́ńṣàn fi ojú ara rẹ̀ hàn pé òun ṣì wà láàyè, wọ́n sì ti fún wọn títí di ìparí oṣù. Wọ́n ti wá gé ọjọ́ kù báyìí. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ló parí. Ẹni tí kò bá tíì fojú hàn nígbà náà, wọn yóò kà á kún òkú, orúkọ rẹ̀ yóò sì kúrò nínú ìwé títí wọn yóò fi tún fáìlì rẹ̀ ṣí ní Àbújá.

Gbogbo ará kúlóòsì tí wọ́n ń gbé ní Fẹ́sítáàkì ló mọ bí "títí" yẹn ti gùn tó. Baba kan wà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Wọ́n yọ orúkọ tirẹ̀ nítorí pé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n pè é. Ó lọ sí Àbújá lẹ́ẹ̀mẹrin. Orúkọ rẹ̀ padà sínú ìwé lóòótọ́. Wọ́n ti sin ín nígbà náà.

Owó yẹn ni tọkọtaya náà ń jẹ. Òun ló ń ra òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Adébánjí, òun ló ń ra òògùn ìtọ̀ ṣúgà Àpèkẹ́, òun náà ló ń bọ́ Kíkẹ́lọmọ láti ìgbà tó ti padà sílé. Kò sí òmíràn.

Kíkẹ́lọmọ ṣàlàyé pé lórí fóònù yìí náà ni wọ́n ti ń ṣe é. Èèyàn á fi ojú rẹ̀ sínú òrùka kan, ẹ̀rọ á wò ó, á fi wé fọ́tò tó wà nínú fáìlì rẹ̀. Tó bá jọ ọ́, ó parí. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí ìkarùn-ún bá kùnà, kò tún sí òmíràn.

Adébánjí bọ́jú. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó de fìlà, bí ẹni tó fẹ́ lọ síwájú ọ̀gá. Kíkẹ́lọmọ gbé fóònù sí i lójú. Ó rí ẹnì kan nínú rẹ̀, kò tètè mọ̀ pé òun ni. Òrùka náà pọ́n. Ọ̀rọ̀ yọ lábẹ́ rẹ̀: ojú yìí kò bá ti inú fáìlì mu, ó ku ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Àpèkẹ́ ní yàrá ló ṣókùnkùn jù. Wọ́n jáde sí bákónì, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti mọ́lẹ̀ sára aṣọ tí wọ́n sá. Adébánjí dúró láàárín yẹ̀rì ìyàwó rẹ̀ àti táwẹ̀lì, ó na ọrùn. Òrùka náà tún pọ́n. Ó ku ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Kíkẹ́lọmọ ní òun sọ ọ́, òun ní kí wọ́n kọ́kọ́ fojú hàn kí wọ́n tó lọ yọ eyín. Àpèkẹ́ ní irọ́ ni, kò sọ ọ́, tó bá sì sọ ọ́, kò sọ ọ́ kó dún létí ẹnikẹ́ni.

"Mọ́mì, mo sọ ọ́ níwájú fíríìjì yìí. Ẹ ní oṣù kò tíì parí."

"Èmi kọ́ ni mo ní kò tíì parí. Àwọn ni wọ́n ní kò tíì parí."

"Ẹ mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀."

"Bàbá rẹ kò sùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìwọ tó ń sùn ni kí o máa sọ èyí tí a ó kọ́kọ́ ṣe."

Adébánjí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, ó ya ewé kan nínú kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, ó fa bírò yọ lápò. Lẹ́yìn ìwé náà ló ti kọ ọ́ pé: *Èmi ni mo fẹ́ yọ ọ́.* Ó gbé e sókè. Àwọn méjèèjì kà á, ìjà náà sì rọlẹ̀.

Jùwọ́nlọ, àkọ́bí wọn, pè láti Ìjègùn-Ẹ̀gbà níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Kíkẹ́lọmọ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ó bínú gan-an. Ó ní òun lòún san owó eyín, òun ò sì ní fi ọwọ́ ara òun san owó ikú baba òun. Àpèkẹ́ ní kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì, ó ní kí wọ́n pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ìwé náà, kí wọ́n ṣàlàyé fún wọn. Kíkẹ́lọmọ ti pè é lẹ́ẹ̀méje. Orin ló ń kọ, lẹ́yìn náà á gé.

Nígbà tó tó agogo mẹ́wàá, Àmúsà wọlé. Fúláàtì tó dojú kọ tiwọn ló ń gbé. Ọmọ onílẹ̀ Amúwo ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì kéré sí Adébánjí ní ọdún mẹ́rin. Aṣọ rẹ̀ ti rún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ bá jà? Ẹ júwe ilé rẹ̀ fún mi."

Adébánjí gbé ọwọ́ kan sókè kí i. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò gbà.

Àmúsà jókòó, ó bọ́ bàtà. Ibi tí wọ́n ti ń ya ojú àwọn tó ń gba pẹ́ńṣàn ló ti ń bọ̀, nítorí fóònù rẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń béèrè. Ìdájí ló ti jáde, wọ́n sì ya tirẹ̀. Àádọ́jọ èèyàn ni wọ́n fún ní nọ́ńbà, lẹ́yìn náà wọ́n ti géètì. Ó ní àwọn tó kù ń bẹ níta, wọ́n jókòó sórí bíríkì. Ìyá àgbàlagbà kan dákú lórí ìlà. Wọ́n gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì pe nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Ìyá náà jí, ó ní nọ́ńbà tòun ni wọ́n fò. Wọ́n ní wọ́n ti pè é, kò dáhùn.

"Ṣé wọ́n padà gbọ́ tirẹ̀?" Àpèkẹ́ béèrè.

Àmúsà tẹrí ba. Ó ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀.

Adébánjí kọ ọ́ sínú ìwé: *Tí mo bá lọ báyìí ńkọ́?* Àmúsà kà á, ó ní géètì ti tì, ojú yìí náà sì ni yóò gbé dé ibẹ̀. Irú ẹ̀rọ kan náà ló wà lọ́wọ́ wọn. Ó ní ohun tó kù ni kí ojú náà fà. Kí wọ́n wá nǹkan tútù.

Fíríìjì wọn ti di kọ́bọ́ọ̀dù láti àná tí iná ti lọ. Kíkẹ́lọmọ gun òkè lọ, Ìyá Ìrètí fúnra rẹ̀ ló sì tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀, ó gbé omi inú ọ̀rá mẹ́fà tó ti dì gbagidi sínú báfù. Ó wo Adébánjí, ó di orí mú. Ó ní wọn kì í yọ eyín òkè fún àgbàlagbà, pé iṣan rẹ̀ lọ tààrà sí ojú, pé bàbá ọkọ òun yọ ẹyọ kan péré, ojú rẹ̀ sì fọ́ kó tó di ọdún. Ó ní omi ewé gúáfà tí wọ́n bá sè ni ì bá ti wo gbogbo rẹ̀ sàn. Ó béèrè iye tí wọ́n yọ. Nígbà tó gbọ́ pé méje ni, ó jókòó.

"Ìyá Ìrètí, ẹ ṣeun fún omi," Àpèkẹ́ wí.

"Èmi ń sọ tèmi ni, mà. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Ó ti rẹ̀ mí."

Obìnrin náà dìde, ó sì kọ̀ láti gba owó omi. Ó ní bí ó bá yọ́, kí wọ́n wá mú òmíràn.

Láti agogo mẹ́wàá ààbọ̀ títí di agogo kan, Adébánjí jókòó, wọ́n fi aṣọ ìnujú dì í lẹ́rẹ̀kẹ́ pẹ̀lú omi dídì. Tí ọ̀kan bá yọ́, Àpèkẹ́ á fi òmíràn rọ́pò. Omi ń kán sí i lọ́rùn, ó ń lọ sínú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Òtútù náà ń mú un dé egungun, ibi tí eyín ti kúrò sì ń lù kìkì bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Kò jẹ́ kí ó hàn lójú. Ojú kan tó ṣí ló fi ń wo aago ara ògiri. Àmúsà lọ kírun, ó sì padà wá.

Àpèkẹ́ gbé ògì wá. Ó ti fẹ́ ẹ tutù, ó fi mílíìkì sí i. Adébánjí gbìyànjú rẹ̀ ní ṣíbí. Ètè rẹ̀ kò mọ ibi tí ṣíbí wà mọ́. Ìdajì wọlé, ìdajì gba àgbọ̀n sọ̀ kalẹ̀. Kíkẹ́lọmọ ní kí wọ́n fún un ní mọ́ínmọ́ín tí wọ́n bá rún. Àpèkẹ́ ní ta ni yóò lọ̀ ọ́, ṣé iná tó wà ni àbí ẹ̀rọ tó bàjẹ́? Kíkẹ́lọmọ ní kí wọ́n rà á. Àpèkẹ́ ní ata ló máa ń wà nínú èyí tí wọ́n ń tà. Ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín náà di ìjà, ó sì gùn ju bó ti yẹ lọ. Adébánjí mọ̀ pé kì í ṣe mọ́ínmọ́ín ni wọ́n ń jà lé lórí. Ó mú ṣíbí, ó ń bá ògì rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó di agogo kan, wọ́n tú aṣọ náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti pọ́n, ó tutù, ó sì tóbi bó ti wà. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Òrùka náà pọ́n. Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì.

Àpèkẹ́ wọ yàrá lọ, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, ó ti bọ́jú.

Jùwọ́nlọ tún pè. Ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé bí èèyàn bá ṣe wà nínú fọ́tò inú fáìlì ni kó ṣe. Tó bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kó rẹ́rìn-ín. Tó bá de fìlà, kó de fìlà. Kíkẹ́lọmọ bi baba rẹ̀ bó ṣe wà nínú fọ́tò yẹn. Adébánjí kọ ọ́: *Mo rẹ́rìn-ín.*

Wọ́n fa fìlà rẹ̀ sí apá òsì kó lè bo díẹ̀ nínú ibi tó wú. Agogo méjì ààbọ̀ ti kọjá. Kíkẹ́lọmọ gbé fóònù, ó ní kó ṣe é. Adébánjí fa ètè rẹ̀ sẹ́yìn. Ó gbọ́ nígbà tí nǹkan já nínú ẹnu rẹ̀. Ó di ẹ̀rín náà mú. Inú ẹnu dúdú, èrìgì pupa, eyín iwájú díẹ̀ tó kù. Ó rí gbogbo rẹ̀ nínú fóònù, kò sì gbójú kúrò títí òrùka fi pọ́n.

Ó ku ẹyọ kan.

Ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ jáde. Àpèkẹ́ sáré mú òwú, ó ká a, ó ní kó fi ẹnu dì í mú, kó má tu ú. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀ nu ún ní àgbọ̀n.

"Ó tó," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé pẹ́ńṣàn wọn lọ."

"Mọ́mì, kí la máa jẹ?"

Àpèkẹ́ gbójú kúrò lára rẹ̀. Òògùn rẹ̀ wà lórí fíríìjì, páálí rẹ̀ ti fúyẹ́.

Àmúsà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi béèrè irú fọ́tò tó wà nínú fáìlì yẹn, ṣé ẹ̀dà rẹ̀ kò sí nínú ilé. Adébánjí gbé bírò sílẹ̀. Ó gbójú sókè sí ara ògiri, lókè tẹlifíṣọ̀n. Àwọn yòókù náà wò ó.

Fọ́tò tó yà fún ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún un, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lọ mú un tóbi, wọ́n sì fi sínú férémù fún un. Ó de fìlà. Ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ pé.

Àmúsà ní òun ò fẹ́ sọ ọ́. Lórí ìlà lówùúrọ̀ yìí lòún ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ń fi rẹ́rìn-ín. Opó kan ló wà níbì kan, ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ti ní kí wọ́n fojú hàn, fọ́tò ni obìnrin náà ń gbé síwájú fóònù. Ẹ̀rọ náà kò kọ̀ ọ́ rí.

Jẹnẹrétọ̀ òkè nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Rárá o," Àpèkẹ́ wí.

Kíkẹ́lọmọ ní kí wọ́n gbọ́ ọ ná.

"Mo ti gbọ́ ọ. Kíkẹ́, ìgbà wo ni wọ́n ń gbé fọ́tò èèyàn kúrò lára ògiri? Ìgbà tí ẹni náà ò bá sí mọ́ ni. Èmi ni wọ́n á fi síwájú, màá gbé e sáyà, wọ́n á máa kọrin tẹ̀ lé mi yí àdúgbò ká. Bàbá Jùwọ́n rèé, ó jókòó. Ẹ fẹ́ kí n gbé fọ́tò rẹ̀ níṣojú rẹ̀?"

"Èmi á gbé e, Mọ́mì."

"Ọmọ rẹ̀ ni ọ́. Tìrẹ ló tún burú jù."

Wọ́n wo Àmúsà. Àmúsà gbọ́wọ́ sókè. Ó ní kì í ṣe òun.

Adébánjí mú bírò. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi wà ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ orúkọ òṣìṣẹ́ wò. Òun ló ń fa ìlà pupa lé orúkọ ẹni tó ti kú tí ẹlòmíràn ń gba owó rẹ̀. Wọ́n fi owó lọ̀ ọ́ níbẹ̀, kò gbà. Wọ́n fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn, ó fa ìlà rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó fi ìlà sí abẹ́ rẹ̀: *Rárá.*

Kíkẹ́lọmọ kà á. Ó kúnlẹ̀ níwájú baba rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀. Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú ogún.

"Dádì, ẹ̀yin náà lẹ wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ ò jalè. Ẹ ò kú. Irọ́ wo ló wà nínú rẹ̀?"

Adébánjí gbé bírò lé ìwé, ó sì tún gbé e kúrò. Òwú inú ẹnu rẹ̀ ti rin. Ó gbé itọ́ mì nítorí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ tu ú, ó sì dùn ún dé etí. Ó wo Àpèkẹ́. Àpèkẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń ka òògùn inú páálí láìtú u jáde, ó ń fi àtàńpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe é dé ìparí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Àmúsà ní kí àwọn fún un láyè. Ó fẹ́ dìde lọ, kò lọ. Aago ara ògiri ń rìn. Ìyá Ìrètí ń pe oníbàárà kan lókè. Lójú fèrèsé, àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá, wọ́n ń gbá agolo.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjìlá kí agogo mẹ́rin lù, Adébánjí fọwọ́ ti àga, ó dìde. Òòyì kọ́ ọ díẹ̀, ó dúró kó lọ. Ó lọ síbi tẹlifíṣọ̀n. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó já fọ́tò náà kúrò lára ìṣó. Eruku bọ́ sílẹ̀. Àpèkẹ́ gbọ́, ó yíjú padà, ó pe orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, kò forúkọ pè é rí.

"Adébánjí."

Ó wò ó. Ó gbé fọ́tò náà padà sórí àga rẹ̀, ó jókòó, ó gbé e dúró lórí orúnkún, ó sì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bo ojú tirẹ̀. Ó fi ìka kan kan ẹ̀yìn férémù náà. Ó yé Kíkẹ́lọmọ.

Lẹ́yìn fọ́tò, kò rí nǹkan kan. Páálí àwọ̀ ilẹ̀ ló wà níwájú ojú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ onífọ́tò àti ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Kíkẹ́lọmọ. Ó gbọ́ tó ní kó gbé e sápá òsì díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń kọ mọ̀nà lára gíláàsì rẹ̀. Ó gbé e. Ó gbọ́ tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yí. Apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì. Ó pẹ́. Àmúsà ń sọ nǹkan jẹ́jẹ́ ní èdè Lárúbáwá.

Fóònù náà dún ní ohùn tó dùn.

"Ó gbà," Kíkẹ́lọmọ wí.

Adébánjí sọ fọ́tò náà kalẹ̀. Kíkẹ́lọmọ yí fóònù sí i kó lè kà á fúnra rẹ̀. Òrùka náà ti di àwọ̀ ewé. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Wọ́n kí i. Wọ́n ní àwọn ti rí i, àwọn sì ti jẹ́rìí sí i pé ó wà láàyè. Nísàlẹ̀, wọ́n ní lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni yóò tún fojú hàn, kó rí i dájú pé ìrísí òun kò yí padà.

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún, ó ń pe Jùwọ́nlọ lórí fóònù tirẹ̀. Àmúsà dìde, ó wọ bàtà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire," ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn ún lẹ́nu. Ó fa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́.

Àpèkẹ́ yọ òwú kúrò lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Ó wo bí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó lára rẹ̀, ó dì í sínú bébà, ó fi òmíràn sí i. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ láti gbé fọ́tò, kó fi í kọ́ padà sáyè rẹ̀. Adébánjí di férémù náà mú. Ó mirí. Ó ṣẹ́ kàlẹ́ńdà sí apá tí kò tíì ní nǹkan lára, ó kọ ọ́ bí ó ti máa ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì, lẹ́tà dídúró gangan, ó sì tì í sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

*Fi sí tòsí. Òun ni wọ́n mọ̀.*

Àpèkẹ́ kà á. Ó tún un kà. Ó gbé fọ́tò náà, ó fi ojú rẹ̀ kọ ògiri, ó gbé e tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ lè tètè tó o. Ó kó báfù àti ọ̀rá tó ti yọ́ nílẹ̀. Ògì ti domi nínú abọ́. Ó gbé e lọ sẹ́yìn, ó lọ po òmíràn.